Fídíò Tí Mo Rò Pé Mo Tì Pa

Ohùn ìyàwó mi ti gbẹ bí ewé àgbàdo nígbà tó ní kí n gbé tẹlifóònù sókè, kí n ya òun. Ìyá rẹ̀ wà ní Ikpinlè, ẹsẹ̀ kò sì jẹ́ kí wọ́n lè wá bá wa ní Adja-Ouèrè mọ́. Ìyàwó mi ṣí gèlè, ó jẹ́ kí orí tí oògùn àìsàn rẹ̀ ti sọ di pípá hàn, ó ki ìyá rẹ̀, ó sì dágbére fún un. Lẹ́yìn náà ló wò mí.

“Bàbá àwọn ọmọ, màmá nìkan o. Ẹ má jẹ́ kí ayé rí mi báyìí.”

Mo kàwé, mo sì gbójú lé ìwé. N kò fi fídíò náà ránṣẹ́ lásán. Mo gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo fi kóòdù tì í, àbúrò ìyàwó mi tó ń tọ́jú ìyá wọn nìkan ni mo fún ní kóòdù náà. Ìgbàkigbà tó bá wù mí, mo lè dí ojú ọ̀nà. Mo ń yin ara mi bí ẹni tó fi àgádágodo ti ilé tí kò ní ògiri.

Ìyàwó mi kú. Ní ọ̀dọ̀ wa, ilé bàbá obìnrin ni wọ́n ń sin ín sí, àwọn àna mi sì wá gbé òkú wọn. Èyí kò dùn mí, àṣà ni. Àmọ́ nígbà tí mo dé ìsìnkú, orí pípá ìyàwó mi ni mo bá lójú aṣọ funfun ńlá tí wọ́n ta sí àgbàlá láti fi wo fídíò. Àwọn tó ti Massè wá ń gbé tẹlifóònù sókè, wọ́n ń yà á. Ìyá rẹ̀ wà nínú yàrá, nítorí òbí kì í wo ìsìnkú ọmọ.

Mo yọ tẹlifóònù mi jáde. Mo dí ojú ọ̀nà, mo pa fídíò náà rẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì àti nínú tẹlifóònù mi. Aṣọ funfun kò dákẹ́.

“Àna wa, kí lẹ ń tẹ̀ bẹ́ẹ̀?” ni àbúrò ìyàwó mi wí. “Ọjọ́ tó dé ni mo ti gbà á sínú tẹlifóònù tèmi.”

“Màmá nìkan ló ní kí wọ́n rí i. Ṣé ẹ ti fi hàn màmá?”

“Ẹ fẹ́ kí n fi pa wọ́n ni? Àbí òkú á jẹ́ tiwa, kí fídíò jẹ́ tiyín? Ẹ lọ jẹun, àna wa.”

Obìnrin kan nídìí ìkòkò bú sẹ́rìn-ín: “Ọkọ ń jowú òkú!”

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí tó bọ́ lọ́wọ́ mi kò fọ́, ó ń pamọ ni. Lọ́nà Oko-Akarè, ọlọ́kadà kan tí kò mọ̀ mí rí fi tẹlifóònù rẹ̀ hàn mí: “Bàbá, ẹ wo obìnrin yìí, á pa yín lẹ́kún.” Mo bẹ̀ ẹ́ kó fi ránṣẹ́ sí mi. Ó bi mí bóyá mo mọ obìnrin náà. Mo ní rárá.

Mo gbé e lọ fún ìyá ìyàwó mi. Ẹnì kan ti fi orin sí i, ó sì ti gé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sọnù, níbi tí ọmọ ti ki ìyá. Ìyá àgbà wò ó títí ó fi parí.

“Ọmọ mi nìyẹn,” ni wọ́n wí. “Ta ló ń bá sọ̀rọ̀?”

Mo ní, “Ẹ̀yin ni, màmá.” Wọ́n mi orí bí ẹni tí wọ́n ń tù nínú. Títí di òní, n kò rò pé wọ́n gbà mí gbọ́.