Ìloro Tí Mo Yà ní Gulfton

Bàtà tí òjò ti rin, tùràrí, àti gọ́ọ̀mù kápẹ́ẹ̀tì tuntun: òórùn ìloro ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Gulfton, àdúgbò kan ní Houston l'Amẹ́ríkà, nìyẹn. Ilé ìtajà kápẹ́ẹ̀tì ni tẹ́lẹ̀, kí àwa aláṣọ funfun tó rà á. Nítorí pé iṣẹ́ ayàwòrán ilé ni mo ń ṣe, èmi ni ìjọ ní kí n sọ ọ́ di ilé Ọlọ́run. Mo kàwé títí ojú mi fi fẹ́ẹ̀ fọ́. Mo fẹ́ kó jọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Kristẹni ìgbà ìjímìjí: kí pẹpẹ kọjú sí ìlà oòrùn, kí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ká bí ìdajì igbá, kí òpó tò ní ìlà méjì láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú, kí kòtò ìrìbọmi sì ní àtẹ̀gùn tí èèyàn á bá sọ̀ kalẹ̀ sínú omi. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìloro, yàrá tóóró tó wà láàárín ìta àti inú, níbi tí a ó ti máa bọ́ bàtà.

Ìloro yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ gé kúrò. Alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé, alàgbà kan tí ọ̀rọ̀ wọn kì í bọ́ sílẹ̀, ní àga bí ogójì ni ibẹ̀ máa gbà. Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ kò le rárá. Àbúrò mi obìnrin, tí èmi fúnra mi mú wá sí Houston, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà. Inú mọ́tò ló ti máa ń fún ọmọ lọ́mú nínú ooru, ìsìn á sì ti parí kó tó padà wọlé. Mo fẹ́ bẹ́ǹṣì kan fún un, àti dígí gbàǹgbà tí yóò fi máa rí pẹpẹ. Ṣùgbọ́n o mọ àwọn àgbààgbà wa. Tí mo bá dárúkọ ọmú níwájú wọn, wọ́n á ní kí ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú jókòó sílé. Mo bá gba ọ̀nà míì.

“Ẹ̀yin bàbá,” mo ní, “láyé àwọn Kristẹni àkọ́kọ́, ìloro ni àwọn tó wà lábẹ́ ìbáwí máa ń dúró sí. Wọ́n á máa sunkún, wọ́n á máa bẹ àwọn tó ń wọlé pé kí wọ́n bá àwọn gbàdúrà.”

Ojú alága tàn. “Architect, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. That one is scriptural.”

Mo rẹ́rìn-ín lórí freeway títí mo fi délé, pé mo ti fi ọgbọ́n bá àwọn àgbà lò. Mi ò mọ̀ pé ọgbọ́n àgbọ́njù ni.

Kò ju ọdún méjì lọ lẹ́yìn náà tí ọkọ àbúrò mi, olórí akọrin wa, gbá a létí títí etí fi ṣẹ̀jẹ̀. Àbúrò mi pe ọlọ́pàá, ọkọ rẹ̀ sì sun àtìmọ́lé mọ́jú. Nígbà tí àwọn àgbà pe ìpàdé, kò sẹ́ni tó béèrè nípa etí. Wọ́n ní ó fa ẹni àmì òróró lé òyìnbó lọ́wọ́. Alága ní kó máa jókòó sí ìloro títí yóò fi kúnlẹ̀ bẹ ọkọ rẹ̀ níwájú ìjọ. Wọ́n wá yíjú sí mi.

“Architect, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa. Àbí wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́ ni?”

Mo lè sọ pé ẹni tó lu èèyàn ni ìloro tọ́ sí. Ohun tí mo sọ ni, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ fún ọ: wọ́n fẹ́ fi òróró yàn mí ní alàgbà lóṣù tó tẹ̀ lé e, mo sì fẹ́ ẹ.

Oṣù mẹ́ta ni àbúrò mi fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, nínú sùtánà funfun rẹ̀, torí pé yàtọ̀ sí mi, ìjọ yẹn nìkan ni ẹbí tó ní ní Houston. Kò kúnlẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni. Ọkọ rẹ̀ ń tẹ dùùrù nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Dígí tí mo yàn mọ́ gaara débi pé láti ìjókòó mi ni mo ti ń rí ẹnu àbúrò mi bó ṣe ń tẹ̀ lé orin. Kí ọwọ́ rẹ̀ má baà dilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to bàtà ní méjì-méjì. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń na bàtà sí i láìwojú rẹ̀, bí ẹni pé iṣẹ́ tí ìjọ gbé fún un nìyẹn. Ìyẹn ṣì ń bí mi nínú dòní.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí ìsìn parí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ wá bàtà mi, ó ti mú un dání.

“Bọ̀dá mi, ẹ gba bàtà yín.”

Mo gbà á. Ó wo bẹ́ǹṣì, ó wo dígí. “Nígbà tẹ́ ẹ ń ya ibí yìí, ta lẹ ní lọ́kàn?”

Àwọn àgbà ń jáde bọ̀ lẹ́yìn mi. Mo ní, “A máa sọ ọ́ nílé.”

Kò padà wá mọ́. Ó kó ọmọ rẹ̀ lọ sí Rosenberg, ìlú kan lẹ́yìn Houston. Ó máa ń gbé fóònù mi, ó máa ń kí àwọn ọmọ mi, ṣùgbọ́n kò béèrè ìbéèrè yẹn mọ́, èmi náà ò sì dá a lóhùn.

Wọ́n fi mí jẹ alàgbà. Títí di báyìí, bí àlejò bá dé, ìloro ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi hàn án, wọ́n á sì dárúkọ mi. Báàgì ni wọ́n ń kó sórí bẹ́ǹṣì báyìí. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ bọ́ bàtà níbẹ̀, ìdáhùn ìbéèrè àbúrò mi á wá sẹ́nu mi: ìwọ ni, ìwọ àti ọmọ ọwọ́ rẹ. Ẹnu tó yá láti gba ìloro yẹn lọ́wọ́ àwọn àgbà, òun náà ló kú nígbà tó yẹ kó gba àbúrò mi kúrò nínú rẹ̀.