Ẹ Má Kí Ẹnikẹ́ni

Wilfried, démarcheur tó ń bá mi wá ilé tí mo lè rà, tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi létí kí á tó sọ̀ kalẹ̀ lórí zémi, ọ̀kadà Lomé, ní Légbassito.

"Màmá, tí a bá débẹ̀, ẹ má kí ẹnikẹ́ni o. Tí wọ́n bá ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu yín, wọ́n á ní Anàgó oníṣòwò ńlá ni, owó ilé á fò sókè."

Mo gbà. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Láti ìgbà tí ọkọ mi, Àlàbá, ti kú ni onílé wa ní Hédzranawoé ti ní kí n kó jáde. Ọmọ onílé ń ti Faransé bọ̀ wá gbébẹ̀, oṣù yìí ò sì gbọdọ̀ parí bá mi níbẹ̀. Owó tí Àlàbá fi ogójì ọdún kó jọ nídìí àtúnṣe fíríìjì àlòkù, òun ni mo dì mọ́ inú ìró mi lọ́jọ́ náà. Wilfried ló ní kí n mú un dání, pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá wo ilé náà lọ́sàn-án. Tí ó bá ṣòfò, kò sí òmíràn mọ́.

Ilé náà dára. Yàrá méjì, kànga, ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní funfun. Ṣùgbọ́n ara mi ò lélẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé kejì, ó ń ṣa ẹ̀wà, mo sì ti kọjá lára rẹ̀ láìkí i. Mi ò ṣe irú ẹ̀ rí láyé mi. Wilfried ń ṣí fèrèsé hàn mí, ojú ìyá yẹn ni mò ń rí.

Mo jáde, mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ẹ má bínú."

Ifẹ̀ Atakpamé, èdè tó bá Yorùbá tan, ló fi dá mi lóhùn. "Hẹ̀n-ẹ́n! Ẹnu ẹ ti là? Mo rò pé odi ni ọmọkùnrin yẹn tún mú wá. Odi kẹta nìyí lóṣù yìí."

"Ẹ̀kẹta kẹ̀?"

"Èyí àkọ́kọ́ ti sanwó. Sátidé tó kọjá, ó ń sunkún níbí. Lọ fi èékánná họ ògiri yẹn wò."

Mo họ ọ́. Pupa yọ lábẹ́ funfun. Ìwé mi ò pọ̀, ṣùgbọ́n ta ni ò mọ ọ̀rọ̀ pupa yẹn lára ilé ní Lomé? Litige. Wọ́n ń ṣẹjọ́ lé e lórí.

Wilfried ti dé ẹ̀yìn mi. "Màmá! Kí ni mo sọ fún yín?"

"O ní kí n má kí èèyàn."

"Ilé wo ni ò lẹ́jọ́ ní Lomé yìí? Ẹ lọ wá a wá. Ẹni ọ̀sán á rà á."

Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Mo ní, "Kó rà á." Ó gun zémi, ó fi mí síbẹ̀.

Mo bi ìyá náà bóyá ó mọ ilé mìíràn. "Mi ò mọ ọ̀kankan, ọmọ mi."

Mo fẹsẹ̀ rìn dé títì. Ibẹ̀ ni mo ti pe onílé wa, pé kó fi oṣù kan kún un fún mi. Ó ní òun á rò ó. Mi ò tíì gbọ́ èsì.