Ojú Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Pa Rẹ́

Ká ní n kò mọ̀ ni, ǹ bá rí nǹkan fi bojú. Ṣùgbọ́n mo mọ̀.

Obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́ fọ́tò ní Yábà ti kìlọ̀ fún mi dáadáa kí n tó gba òmìnira. Ó ní fáìlì ńlá tó kọ́kọ́ ti inú kámẹ́rà jáde ni ìyá, n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí mo bá fẹ́ tún fọ́tò ṣe, kí n pa iṣẹ́ náà mọ́ sí irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní TIFF, torí TIFF kì í sọ nǹkan kan nù. Irú kejì, JPEG, ní tiẹ̀ fúyẹ́, ó yá fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń mú un fúyẹ́ ni pé ó ń ju lára àwòrán náà dànù. Ìgbàkígbà téèyàn bá ṣí i, tó tún un ṣe, tó sì pa á mọ́, á tún ju díẹ̀ sí i. "Ohun tó bá sì ti jù nù," ó ní, "kò sẹ́ni tó lè bá ẹ ṣà á padà."

Nígbà tí mo wá ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Sùúrùlérè, ọ̀gá mi ní òfin tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo la ní, ó sì máa ń kún. Ó ní JPEG ni kí n máa fi pa gbogbo iṣẹ́ mọ́, tí oníbàárà bá sì ti gba fọ́tò rẹ̀, kí n pa fáìlì ńlá rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo fẹ́ jiyàn lẹ́ẹ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ta ló ń wo ìyẹn? Ṣé wọ́n ti bá ẹ jà rí?"

Wọn kò bá mi jà rí lóòótọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bó ṣe wí.

Lọ́dún kejì mi níbẹ̀, bàbá kan tó ń ránṣọ ní Múṣin mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá. Ọmọ náà, tó lo hìjáàbù, ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Aṣọ funfun tó wọ̀, bàbá rẹ̀ ló rán an, kò sì jẹ́ kí n ráyè. Gbogbo ìgbà ló ń fa kọ́là rẹ̀ tọ́. "Ẹ jẹ́ kí ojú bọ́tìnnì yẹn hàn o! Ọwọ́ ni mo fi rán an." Ojú ń ti ọmọ náà, ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Àpá kékeré kan wà ní àgbọ̀n rẹ̀, ó ní nígbà tóun ń kọ́ ìrìn lòun ṣubú lu màṣíìnì bàbá òun.

"Àǹtí, ẹ má bá mi yọ ọ́ o. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, Màámi á ní kì í ṣe èmi nìyẹn."

Mo ní n kò ní yọ ọ́. Mo tẹ ẹ̀dà kékeré kan tó ṣe é tì bọ inú pọ́ọ̀sì, ó fi mú lọ fún ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, bàbá padà wá: kí n sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di búlúù. Mo ṣí JPEG náà, mo tún un ṣe, mo pa á mọ́. Ó tún dé: kí aṣọ funfun sí i. Ọmọ náà fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé abẹ́ ojú òun dúdú jù. Bàbá tún ní kí n yọ búlúù yẹn kúrò, kí n dá ẹ̀yìn rẹ̀ padà sí bó ṣe wà. Bí ìgbà méje ni mo ṣí i, tí mo sì pa á mọ́ lé ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gba fọ́tò, tó tóbi bí ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé, mo pa fáìlì àkọ́kọ́ rẹ́. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ.

Ọdún ò tíì yípo nígbà tí bàbá wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun nìkan. Ó jókòó, kò kí ẹnikẹ́ni. Mo béèrè nọ́ọ̀sì wa.

"Ó ti lọ," ó ní. "Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin péré. Ẹni tó ń tọ́jú èèyàn."

Ó ní kí n bá òun tẹ fọ́tò yẹn, kó tóbi tó ilẹ̀kùn, kí òun gbé e kọ́ síbi tí ìyá ọmọ máa ń kọjú sí. Ojú ìyá náà ti ń ṣe bàìbàì, kó lè máa rí i dáadáa.

Bí mo ṣe fẹ̀ ẹ́ báyìí, inú mi bà jẹ́. Awọ ojú ọmọ náà ń dán bíi ti abọ́ rọ́bà. Etí hìjáàbù rẹ̀ ti gé sí onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́. Àpá náà ti di ìdọ̀tí kan lásán. Ọ̀gá mi yọjú wò ó láti ẹ̀yìn mi, ó ní, "Ya àpá sí i, jàre. Ọ̀fọ̀ ló ṣe wọ́n, wọn ò ní mọ̀."

Mo yà á. Mo fi ọwọ́ mi ya àpá sí àgbọ̀n òkú. Bàbá gbà á, ó sunkún, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọpẹ́ yẹn ló burú jù.

Ọjọ́ kẹta ni tọkọtaya náà gbé fọ́tò padà wá. Ìyá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ta nìyí?"

Ó fi ìka kan àgbọ̀n inú fọ́tò náà.

"Àpá ọmọ mi tẹ̀ sókè. Ìka yìí ni mo fi ń pa òróró sí i. Ta ló fi èyí síbẹ̀?"

Ọ̀gá mi ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni. Mo ní, "Èmi ni, Ìyá." Mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, láti orí kámẹ́rà dórí ibi tí mo ti pa á rẹ́. Ó fara balẹ̀ gbọ́.

"Ó wà lọ́wọ́ yín nígbà kan, bó ṣe rí gan-an?"

"Ó wà, mà."

"Ẹ wá dà á nù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí àyè lè gba kí ni?"

Àwòrán bàtà tí ẹnì kan fẹ́ fi polówó ọjà ló gba àyè náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n ya ẹ̀dà kékeré ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, bóyá mo lè rí nǹkan ṣe. Ó di pọ́ọ̀sì rẹ̀ mú.

"Kò ní kúrò lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run á dárí jì yín. Èmi ò tíì ṣe tán."

Wọ́n fi fọ́tò ńlá sílẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí ọ̀gá mi fi gé páálí rẹ̀ ti ẹ̀yìn férémù oníbàárà mìíràn. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwà akin: ojú ló ń tì mí.

Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí ní Yábà. N kì í pa fáìlì ẹnikẹ́ni rẹ́, ibi méjì ni mo sì ń kó wọn pa mọ́ sí. Àwọn oníbàárà máa ń yìn mí pé mo mọṣẹ́. Ìyìn yẹn kì í dún létí mi bí ìyìn.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí bàbá náà ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Múṣin. Ó dá mi mọ̀. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè iṣẹ́, ó ṣàdúrà fún mi. Àga méjì ló wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó jókòó lé wọn. Kò ní kí n jókòó.