Bàálù Wa tí Kò Tíì Balẹ̀

Lánàá, wọ́n tún mú iná lọ ní Ungwan Boro níbí, lápá ìsàlẹ̀ odò Kaduna. UPS, àpótí tó ń fi bátìrì gbé kọ̀ǹpútà dúró bí iná bá lọ, tó wà ní ṣọ́ọ̀bù onífọ́tòkọ́pì tó kọjú sí ilé mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké: píìn, píìn, píìn. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti fò dìde lórí àga, mo na ọwọ́ ọ̀tún síwájú bí ẹni tó fẹ́ di nǹkan mú. Àwọn ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Baba, lafiya?" ni àbíkẹ́yìn wọn bi mí, pé ṣé kò sí o. Ẹ wò wọ́n! Èmi á sọ Yorùbá, wọn á fi Hausa dá mi lóhùn. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, kò burú. Bàálù kan ni ọwọ́ yẹn ń wá, tó fẹ́ gbé balẹ̀ kí bátìrì tó kú. Bàálù ọ̀hún ti lọ tipẹ́.

Doka là ń gbé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, lápá òkè odò Kaduna. Àwọn bàálù kéékèèké tí àwọn ológun fi ń kọ́ṣẹ́ máa ń kọjá lórí páànù ilé wa láàárọ̀, a ó sì máa sá tẹ̀lé òjìji wọn títí tí ògiri ẹni ẹlẹ́ni á fi dá wa dúró. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá mi, ọmọ Ìjẹ̀bú, akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ilé Bàbá Áfà ló tẹ̀ lé tiwa, ọmọ Ìlọrin tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú. Múftáù ọmọ rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi. Ilé wọn ni mo ti ń mu kókó tí mo sì ń jẹ kọ̀sáì, àkàrà àwọn Hausa, ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, ilé wa ló ti ń jẹ ìrẹsì ọjọ́ Àìkú. Ìyá mi a máa sọ pé òun ò mọ èwo nínú wa lòun bí mọ́.

Nígbà tí bàbá mi ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, eré wíwa bàálù wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe eré ogun o. Ìwọ fúnra rẹ lo máa tan ẹ́ńjìnnì, lo máa gbéra, lo máa wá ibi tí wàá balẹ̀ sí. Àwọn bàálù tó bá a wá kò tẹ́ Múftáù lọ́rùn. Irú èyí tó ń kọjá lórí páànù wa ló fẹ́. Sáíbà káfé la ti rí i, àwọn kan tí a ò mọ̀ rí ló ṣe é lókè òkun, wọ́n ní kí ẹni tó bá wù mú un. A fi dísìkẹ́ẹ̀tì, pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń kó fáìlì nígbà yẹn, gbé e wálé. Fáìlì kan bá a wá tó kún fún nọ́ńbà: ìwúwo bàálù, bí ìyẹ́ ṣe ń gbé e tó, bí táyà ṣe le tó, bí búrẹ́ẹ̀kì ṣe ń mú. Bí o bá yí nọ́ńbà kan padà, ìwà bàálù yí padà nìyẹn. Háà! Ọjọ́ tí a mọ èyí, oúnjẹ ò wù wá jẹ mọ́. Múftáù á ní "Bismillahi", èmi á ní "Lórúkọ Jésù", bàálù á sì lọ forí sọlẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́ tẹnì kankan nínú wa.

Díẹ̀díẹ̀ ni bàálù ń sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n iná àdúgbò wa kò mọ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá ṣe ń rí ilẹ̀ báyìí ni wọ́n á mú iná lọ, UPS kọ̀ǹpútà wa á bẹ̀rẹ̀ igbe, bátìrì rẹ̀ tó ti gbó á sì kú kí táyà tó kanlẹ̀. Ni Múftáù bá dá ọgbọ́n: "Ká jẹ́ kó máa já wálẹ̀ kíákíá, kí igbe yẹn tó tán ó ti dúró." Ẹ wo orí ọmọ Kaduna! Atẹ́gùn làwọn tó ṣe bàálù ń rò, àwa ń ro ti iná. A bu ìwúwo kún un, a dín agbára ìyẹ́ kù, ó ń já bí òkúta. A mú táyà le, ó ń ta bíi bọ́ọ̀lù. A tún dín in, a tún bù sí i.

Ẹ má rò pé eré lásán ni o. Bàbá Áfà ti pinnu láti dá Múftáù padà sí Ìlọrin, kó lọ gbájú mọ́ kéwú, kó di áfà bíi tòun. Múftáù ní bàálù lòun fẹ́ wà. Ó sunkún títí bàbá náà fi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa. Ọjọ́ tí èyí tí ẹ ń tún ṣe yìí bá balẹ̀ lójú mi láì fọ́, ilé-ìwé sáyẹ́ǹsì lo máa lọ." Bàbá Áfà kì í yẹ àdéhùn. A dá Sátidé, lẹ́yìn ìrun alásàrí. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, bàálù kanlẹ̀, ó sáré, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ìyẹ́ kan gúnlẹ̀. Kò fọ́! Múftáù gbá mi léjìká kó tó lọlé: "Mo ti mọ nọ́ńbà tó kù. Jẹ́ kó di ọ̀la."

Ọ̀la dé, ìjà ló bá dé. Láàárọ̀ Sátidé náà, Mùsùlùmí àti Kristẹni dojú kọ ara wọn káàkiri ìlú, èéfín sì bo ojú ọ̀run. Bàbá Áfà fúnra rẹ̀ ló wá kó àwọn òbí mi àti èmi sínú ilé rẹ̀. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́, ó ń sọ fún gbogbo àwọn tó ń fi àdá kan ilẹ̀kùn pé kò sẹ́nì kankan tó sá pamọ́ sínú ilé. "Babu kowa a nan." Áfà tí kì í purọ́ purọ́ lọ́jọ́ náà nítorí wa. Múftáù wá sọ sí mi létí pé òun fẹ́ sáré lọ mú dísìkẹ́ẹ̀tì bàálù wa, tí gbogbo nọ́ńbà wa wà nínú rẹ̀, lórí tábìlì bàbá mi nílé wa, òun ń bọ̀ báyìí. Mo di aṣọ rẹ̀ mú, aṣọ ya mọ́ mi lọ́wọ́. Ó gba ẹ̀yìn ilé ìdáná jáde. Wọ́n sọ iná sí ilé wa. Múftáù kò jáde mọ́.

Àwọn sójà ló kó wa kọjá odò. Bí ìlú ṣe pín nìyẹn: Mùsùlùmí púpọ̀ lápá òkè, Kristẹni púpọ̀ lápá ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ a ti jọ ń jẹ nínú abọ́ kan rí. Bàbá Áfà ò lè máa wo ahoro ilé wa lójoojúmọ́. Ó ta tirẹ̀, ó kó lọ sí Hayin Banki, lápá òkè níbẹ̀ náà.

Mo ní láptọ́ọ̀pù báyìí, mo ní sólà, iná kì í já mi kulẹ̀ mọ́. Mo wá bàálù yẹn rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú nọ́ńbà àwọn tó ṣe é. Ó ń balẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹyẹlé, inú mi ò sì dùn sí i rárá, torí kì í ṣe tiwa. Mo gbìyànjú láti dá nọ́ńbà tiwa padà. N ò rántí gbogbo wọn tán, n ò sì mọ èyí tí Múftáù sọ pé ó kù. Ó ń já, ó ń fọ́. Ta ni mo fẹ́ bi? Ó ti sú mi, ẹ̀yin ọmọ. Mo ti mọ̀ pé kò ní í balẹ̀ láéláé.

Gbogbo Iléyá ni mo máa ń kọjá odò lọ kí Bàbá Áfà. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́. Kó tó béèrè ìyàwó àti ọmọ mi ni á ti béèrè: "Ṣé ó ti balẹ̀?" Mo lè purọ́. Òun náà purọ́ kí n lè yè. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kì í gbà á. "Kò tíì balẹ̀, Bàbá." Á mi orí, á na ọwọ́ wá èjìká mi, á sì tún na ọwọ́ kejì sí ẹ̀gbẹ́ mi, níbi tí kò sẹ́nì kankan.

"Ẹ máa tún un ṣe. Ọjọ́ tó bá balẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wá pè mí."