Ẹ̀hìndé àti Orin Tí Kò Rẹ́rìn-ín

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta sípíkà ní Alábà, fújì tàbí orin àwọn ọ̀dọ́ òde òní ni etí yín á máa retí. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tí Ẹ̀hìndé Sàlàkọ́ ti ń ṣiṣẹ́, nǹkan mìíràn lẹ máa gbọ́: gìtá tó ń kùn bí ẹni pé òjò fẹ́ rọ̀, ìlù tó ń rìn jẹ́jẹ́, àti ohùn òyìnbó kan tó nípọn, tó ń kọrin bí ẹni tó dá jókòó sínú yàrá tí kò síná. Orin rọ́ọ̀kì ni. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń pariwo, tí wọ́n ń fò sókè. Èyí tó dúdú ni, tó fi ọwọ́ lẹ́rán.

"Àǹtí, ta ló kú?" ni oníbàárà kan bi í lọ́jọ́ kan.

"Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ béèsì yẹn," ni Ẹ̀hìndé dáhùn. "Sípíkà tó bá lè gbé ohùn ọkùnrin yìí láì gbọ̀n, kò sí orin tí kò lè gbé."

Oníbàárà náà gbọ́, ó sì rà á. Ọ̀gá Ẹ̀hìndé, ọmọ Ìgbò kan tó fẹ́ràn àwàdà, ti kọ́kọ́ bínú sí orin yìí. Nígbà tó rí i pé ọjà ń tà, ó sọ ọmọbìnrin náà ní Madam Burial, ó sì pa ẹnu mọ́.

Ẹ̀hìndé kọ́ ló kọ́kọ́ fẹ́ràn orin náà. Táyé, ìkejì rẹ̀, ni.

Igbó-Elérin, ní Okokomaiko, ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí, nínú ilé tí bàbá wọn, ọmọ bíbí Ọ̀jọ́, kọ́ kó tó kú. Bàṣírátù, ìyá wọn, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ìbejì, ló dá tọ́ wọn. Yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ló máa ń rán. Táyé ló ṣáájú dé ayé, ṣùgbọ́n Ẹ̀hìndé ni ẹ̀gbọ́n, torí òun ló rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dára.

Ẹ̀jẹ̀ Táyé jẹ́ SS. Ti Ẹ̀hìndé kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìrora bá dé, inú egungun ló ń wọ̀ lọ, Táyé á sì máa yí lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tí wọ́n ń lù. Àwọn ará ilé á kóra jọ. "Má sunkún, ọkùnrin ni ẹ́. Ó ti tán. Ara ti yá." Ara kò sì tíì yá. Inú géèmù kan tó ń ta lórí fóònù ni Táyé ti kọ́kọ́ gbọ́ irú orin yìí. Láti ọjọ́ náà, bí ìrora bá ti ń bọ̀, á ti íápíìsì bọ etí, á dijú, á máa bá ìlù náà mí.

Inú máa ń bí Ẹ̀hìndé. "Táyé, irú orin wo lèyí? Ẹni tí ara ń ro, ṣe ló yẹ kó gbọ́ orin tó máa mú inú ẹ̀ dùn."

"Àwọn yẹn ń parọ́ fún mi ni," ni Táyé wí. "Wọ́n ní kí n jó. Ṣé mo lè jó? Ọkùnrin yìí kò ní kí n jó. Ó ní ibi tí mo wà yìí ṣókùnkùn, òun náà ti débẹ̀ rí, òun sì ṣì ń kọrin. Ìyẹn tó mi."

Wọ́n ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún nígbà tí ìrora kan dé tí kò lọ mọ́. Ọ̀sán Ọjọ́rú ni Táyé dákẹ́ ní ọsibítù. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ọkùnrin ti gbé e lọ sí itẹ́ àwọn Mùsùlùmí, wọ́n sì ti padà dé. Ìyá Ìbejì àti Ẹ̀hìndé kò tẹ̀lé wọn.

Yorùbá kì í sọ pé ìbejì kú. Ó wá igi lọ ni wọ́n ń wí, kí èkejì má baà gbọ́ ọ̀nà tí ìkejì rẹ̀ gbà, kó sì tẹ̀ lé e. Gbogbo ẹni tó wá kí Ìyá Ìbejì ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. "Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Táyé wá igi lọ. Ẹ má sunkún, nítorí èyí tó kù." Ìyá Ìbejì kò sì sunkún. Ó padà sídìí maṣíìnì rẹ̀, ó ń rán yunifọ́ọ̀mù. Ẹ̀hìndé náà kò sunkún. Oúnjẹ kàn ń korò lẹ́nu rẹ̀ ni, oorun kò sì kún ojú rẹ̀ mọ́. Ó ń rù. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ohun tó ń ṣe é, kò mọ èsì tó máa fọ̀, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu rẹ̀ ni wọ́n ní kó má sọ.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ó ń palẹ̀ yàrá mọ́, ó rí fóònù Táyé. Ó fi sí iná, ó ti íápíìsì bọ etí. Kí orin àkọ́kọ́ tó parí, omijé ti rin ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Ó gbọ́ òmíràn, ó tún gbọ́ òmíràn. Nígbà tó dìde, ebi ń pa á.

"Àwọn èèyàn rò pé orin yìí máa ń ba èèyàn nínú jẹ́," ni ó máa ń sọ báyìí. "Inú mi ti bàjẹ́ kí n tó gbọ́ ọ. Ṣe ni orin náà wá bá mi jókòó nínú ìbànújẹ́ náà. Kò ní kí n dìde. Ìgbà tí mo jókòó tó, èmi fúnra mi ni mo dìde."

Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì wọlé bá a lọ́jọ́ kan, ó rí íápíìsì Táyé létí rẹ̀, ó rí ojú rẹ̀ tó pọ́n. Ó fà á yọ.

"Ṣé orin tí Táyé ń gbọ́ kó tó lọ kọ́ nìyí?"

"Òun ni, màmá."

"Ó fẹ́ fi pè ọ́ ni! Ẹ̀hìndé, méjì ni mo bí. Má jẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ mi ṣófo."

"Màmá, kò pè mí síbì kankan—"

"Mi ò fẹ́ gbọ́!"

Ó kó fóònù àti íápíìsì sínú àpótí aṣọ rẹ̀, ó tì í pa. Ohun tó gbé orin náà dé Alábà nìyẹn. Níbi iṣẹ́ nìkan ni Ẹ̀hìndé ti lè fi fóònù tirẹ̀ gbọ́ ọ, kí ó sì sọ pé sípíkà lòun ń dánwò.

Ibẹ̀ ni Ọpẹ́olúwa bá a. Ọmọkùnrin akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ni, ọmọ Èkìtì, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì náà, Ẹ́sítéètì Ìbà ni wọ́n sì ń gbé. Ó ń wá sípíkà kiri. Bó ṣe dé iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó dúró gbagidi.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, ta ló ń gbọ́ orin yìí?"

"Èmi ni. Ṣé kí n pa á?"

"Ẹ má pa á o! Mo rò pé èmi nìkan ni orí ẹ̀ dà rú láti Okokomaiko dé Badagry."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Ẹ̀hìndé. Ó yà á lẹ́nu pé òun ló rẹ́rìn-ín. Ọpẹ́olúwa jókòó lórí páálí sípíkà, ó ṣàlàyé pé òun àti ọ̀rẹ́ òun méjì máa ń ta gìtá, wọ́n sì ń lu ìlù, ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, níbi tí bàbá òun ń gbé mọ́tò sí. "Èmi ni mò ń kọrin fún wọn, ṣùgbọ́n ohùn mi dà bíi ti ewúrẹ́ tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. Ẹ wá bá wa."

Ọjọ́ tí Ẹ̀hìndé kọ́kọ́ lọ, kò dára. Orin òyìnbó tó ti mọ̀ sórí ló kọ, ó sì ń pe àwọn ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn. Ojú tì í. Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé e padà sí Okokomaiko ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún lábẹ́lẹ̀ ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ pé òun ní. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kọ ọ́ fún wọn.

Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti jiyàn. Gìtá Ọpẹ́olúwa ń sọ̀kalẹ̀ níbi tí Ẹ̀hìndé ti fẹ́ sọ pé Táyé kú. Bí ohùn bá sì sọ̀kalẹ̀, "Táyé kù" ló máa dà, bí ẹni pé ó ṣì wà.

"Ìyẹn náà dára," ni Ọpẹ́olúwa wí.

"Ó dára, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ìyẹn fún mi tó. Gbé e sókè."

Ó gbé e sókè.

Kò pẹ́ tí aládùúgbò kan fi lọ tú u fún Ìyá Ìbejì pé ọmọ rẹ̀ ń lọ síbì kan ní Ìbà tí wọ́n ti ń kọ orin òkú. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, Ìyá Ìbejì wọ kẹ̀kẹ́, ó béèrè ọ̀nà títí ó fi dé Ẹ́sítéètì. Géètì ilé náà ṣí sílẹ̀. Ó dúró síbẹ̀. Ẹ̀hìndé di ojú, ó ń kọrin:

Mo rán ọ kí o lọ tọ́ ayé wò fún mi,
o tọ́ ọ wò, o ní ó korò, o ní ó dùn díẹ̀.
Ta ló wá rán ọ ṣáájú lẹ́ẹ̀kejì?
Èmi kọ́. Èmi kọ́.
Táyé kú, Táyé mi kú,
èmi sì rèé, mo dúró sínú oòrùn.

Nígbà tó la ojú, ìyá rẹ̀ ló rí.

"Ta ló ní kí o sọ ọ́?" Ìyá Ìbejì gba géètì wọlé. "Ta ló ní kí o fi ẹnu ara ẹ sọ ọ́?"

Ẹ̀hìndé kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́ níbí. Ẹ wò mí. Mò ń jẹun. Mò ń sùn. Ìgbà tí mi ò lè sọ ọ́ ló dà bíi pé mo fẹ́ tẹ̀ lé e."

Ìyá rẹ̀ wò ó. Òótọ́ ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà ti kún padà, òun sì ti rí i nílé láì mọ ohun tó fà á. Ìyá Ọpẹ́olúwa ti gbọ́ ohùn wọn, ó gbé àga jáde. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jókòó ná." Ìyá Ìbejì jókòó. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Wọ́n kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí orúkọ Táyé wà, Ìyá Ìbejì la ẹnu. "Ọmọ mi kú," ló wí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ló ké e jáde: "Ọmọ mi kú o! Táyé mi!" Ẹkún tó ti ń dì láti ọjọ́ tí wọ́n gbé Táyé lọ já. Ẹ̀hìndé dì mọ́ ọn. Àwọn ọmọkùnrin náà kò mọ̀ bóyá kí àwọn dúró ni tàbí kí àwọn máa bá a lọ, wọ́n bá ń rọra ta gìtá náà lọ títí ẹkún fi rọlẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá àti ọmọ jọ lọ sí itẹ́, wọ́n ṣàdúà fún un. Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá Ìbejì ṣí àpótí, ó dá fóònù padà.

Lásìkò òjò tó kọjá, ẹgbẹ́ náà kọ orin wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ ní gbọ̀ngàn kékeré kan ní Ìbà. Àga tó ṣófo pọ̀. Àwọn kan rò pé ẹ̀rọ ló ń kọsẹ̀, wọ́n jáde lọ ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọn kò padà. Ṣùgbọ́n obìnrin kan tí Ẹ̀hìndé kò mọ̀ rí wá bá a lẹ́yìn orin, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó kàn ń mi orí. Ọdún yẹn ni ọkọ rẹ̀ kú. Láti ìgbà náà, obìnrin yìí wà lára àwọn tó máa ń wá gbọ́ wọn ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n sì ti tó kún ẹnu ọ̀nà ilé bàbá Ọpẹ́olúwa báyìí.

Ìyá Ìbejì náà máa ń wá. Ó ní ìlù yẹn ti falẹ̀ jù, pé bí òun bá fi ń tẹ maṣíìnì òun, yunifọ́ọ̀mù kan kò ní parí kí iléèwé tó wọlé. Ẹ̀hìndé ṣì fẹ́ràn rẹ̀ bó ṣe falẹ̀. Ó ti ń kọ́ iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Alábà, torí ó fẹ́ kí orin wọn dé etí ẹni tó wà níbi tí ẹsẹ̀ wọn kò lè dé. Orin tuntun kan sì wà tí wọ́n ń jiyàn lé lórí. Ọpẹ́olúwa ní ó ti dùn jù, pé kò ní jọ tiwọn mọ́.

"Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni Ẹ̀hìndé wí. "Ìyẹn náà kì í ṣe irọ́."