Aago Mẹ́rin Alàgbà Bámgbóyè

Ní àdúgbò wa ní Ìlá, ẹni tó bá ń wá ọkùnrin tí kò ráyè, Alàgbà Bámgbóyè ni kó lọ bá. Láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni kò ti ráyè mọ́. Bó bá jí, yóò lọ sí ìsọ̀ oníwèé ìròyìn. Kíkà ló máa ń kà á, kì í rà á. Bó bá di ọ̀sán, yóò jẹ iyán, yóò sùn. Bó bá jí lójú oorun, yóò gbé àga sábẹ́ igi máńgòrò, yóò máa jẹ ẹ̀pà, yóò sì máa ka iye ọ̀kadà tó ń lọ sí Òkè-Ìlá. Òun nìkan ló ń ṣe gbogbo èyí, kò ní olùrànlọ́wọ́.

Òun náà ló wá ní òun fẹ́ kọ́ èdè Faransé.

Kútọnu ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, Moríyọ̀, ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Hadassah sí, Faransé nìkan ni ọmọ náà sì gbọ́. Ẹjọ́ ìyá rẹ̀ nìyẹn, a ó dá a lọ́jọ́ mìíràn. Nígbà tí wọ́n wá ṣe Kérésìmesì lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọdún márùn-ún yìí wo bàbá àgbà tí kò lè bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì bi ìyá rẹ̀ bóyá odi ni. Moríyọ̀ sọ ọ́ fún gbogbo ilé, wọ́n rẹ́rìn-ín. Alàgbà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò jẹ ẹ̀pà lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kí Kérésìmesì mìíràn tó dé, òun yóò bá ọmọ ọmọ òun sọ̀rọ̀ lójúkojú.

Ó ra ìwé, ó fi kàlẹ́ńdà àtijọ́ bò ó. Ó fi rúlà fa ìlà sórí pépà, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Faransé, aago mẹ́rin sí aago márùn-ún. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀, gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló sì ń fi hàn. Ìlà náà tọ́ gan-an ni.

Olùkọ́ tó rí ni Sàlámì, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tó ń lẹ táìsì sílẹ̀ ilé káàkiri Ìlá. Sàlámì gbọ́ Faransé bí ẹní mu omi, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni, wọ́n sì kọ́ ọ nílé. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í sọ fún ẹni àádọ́rin ọdún pé ó ṣì í. Ohun yòówù kí Alàgbà sọ, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, sà" ni tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Màmá Moríyọ̀, ìyàwó Alàgbà, tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, gbójú sókè.

"Sàlámì, ohun tí Bàbá sọ yẹn, ṣé ohun tí ìwọ sọ ni?"

"Ó jọ ọ́, mà."

"Ó jọ ọ́ bí ewúrẹ́ ṣe jọ àgùntàn?"

Sàlámì wo ilẹ̀.

"Ìwọ bó ẹ̀gúsí ẹ," ni Alàgbà wí. "Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ lẹ́tà ìjọba, ṣé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni yóò wá ṣì sọ?"

Obìnrin náà kọjú sí Sàlámì. "Gbọ́ tèmi. Bí mo bá ṣì í, sọ fún mi. Mi ò ní bínú."

Ó sọ ọ́, ó ṣì í, Sàlámì sì sọ fún un. Kò kú. Ọwọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ kúrò lára ẹ̀gúsí.

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, aago mẹ́rin ti di aago mẹ́rin ààbọ̀, nítorí oorun. Ní oṣù kẹfà, àgbàdo tuntun dé, ẹni tó ń jẹ àgbàdo kò sì lè máa sọ Faransé. Màmá Moríyọ̀ kò ní ìlà lára ògiri. Ẹ̀gúsí ló ní, àti aṣọ fífọ̀, àti fóònù kékeré tí Sàlámì gba ohùn ara rẹ̀ ní Faransé sí fún un.

Kérésìmesì dé, Hadassah sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Alàgbà ti wọ agbádá dúró. Ó wúkọ́ díẹ̀, ó sì ka gbólóhùn márùn-ún tó ti há sórí, bí ẹni ń ka Bíbélì níwájú ìjọ. Ọmọ náà wò ó. Ó yíjú sí ìyá àgbà, ó bi í ní nǹkan kan, ìyá àgbà fèsì, àwọn méjèèjì sì ń sọ̀rọ̀ lọ títí wọ́n fi wọlé. Alàgbà kù lójúde, òun àti agbádá.

"Kí ló bi ọ́?" ló béèrè nídìí oúnjẹ.

"Ó ní èdè wo lẹ ń sọ."

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní Faransé ni. Kò gbà."

Lọ́jọ́ kejì, ní aago mẹ́rin, Alàgbà gbé àga lọ sábẹ́ máńgòrò. Hadassah wá, ó mú ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀. Alàgbà rọra sọ ọ̀kan nínú gbólóhùn márùn-ún náà.

"Nọ́n," ni ọmọ náà wí, ìyẹn ni pé rárá. Ó sọ gbólóhùn náà bó ṣe yẹ, ó sì ń dúró.

Alàgbà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó tún un sọ.

"Nọ́n."

Ó tún un sọ. Sàlámì, tó ń gun ọ̀kadà bọ̀ wá kí wọn, gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ọgbà. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì rọra ti ọ̀kadà rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

Aago márùn-ún kù díẹ̀ kí ọmọ náà tó yé wí nọ́n. Ó fèsì, èsì gígùn tó ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe. Alàgbà kò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ó bu ẹ̀pà fún un.