Wọ́n Gba Ìwé Olútóyìn, Wọ́n sì Jókòó Lé E

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá la sin Olútóyìn Àyànlọ́wọ̀, aránṣọ, sí Òdìgbó. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Ilé ìtẹ̀wé Ọ̀wàrà, n'Íbàdàn, fi òdòdó ẹ̀yẹ ràgàjì ránṣẹ́, wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé, "Sí òǹkọ̀wé wa ọ̀wọ́n." Òǹkọ̀wé ìwé wo? Ẹ̀yin ará Òrè, ta ló ti rí ìwé náà rà nínú yín? Kó nawọ́ sókè ká rí i. Òkú ò kúkú mọ iye tí wọ́n ra aṣọ, ká tó wá sọ ti òdòdó.

Mi ò ní fẹ̀jẹ̀ sínú kí n máa tutọ́ funfun: mo jowú obìnrin yìí. Bí mo ṣe ń kọ èyí, tó ti wà nínú ilẹ̀, mo ṣì ń jowú rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ fi ìwé ìtàn ránṣẹ́ sí Ọ̀wàrà, èmi tíṣà, èmi tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi nínú ìwé ìròyìn. Wéré ni wọ́n dá tèmi padà, mo sì fura pé wọn ò tú okùn tí mo fi dì í. Lọ́dún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, Olútóyìn, tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì Òrè, fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Wọ́n ní àwọn gbà á! Mi ò fẹnu kan oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Kó tó fi ránṣẹ́ ló ti ka díẹ̀ níbẹ̀ fún mi. Ìtàn àwọn tó ti òkè wá dáko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní Àgọ́ Aláyè ni, bí bàbá tirẹ̀ náà ṣe wá. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó máa ń sá kòkó lóòrùn, tó máa ń bá kòkó náà ṣe orogún, nítorí ọkọ rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ nǹkan mìíràn. Mo rẹ́rìn-ín títí, ẹkún sì fẹ́ gbọ̀n mí. Kí ló dé tí kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́?

Aládùúrà ni Olútóyìn. Bí wọ́n ṣe ní àwọn gba ìwé rẹ̀, kò dúró kó jáde. Ó gbé àbẹ́là àti èso lọ sí ilé àdúrà wọn l'Ódìgbó, gbogbo ìjọ wọ sùtánà, wọ́n jó, wọ́n yọ̀. Níwájú pẹpẹ ló ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé Ọ̀wàrà tí Ọlọ́run fi dá òun lóhùn nìkan ni yóò tẹ ìwé náà. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó lọ sọ ẹ̀jẹ́ yìí fún wọn. Èmi ni mo sìn ín lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì, ọ̀gá àwọn olótùú wọn. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ìyá Péjú, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọdún yìí ò ní parí kí ìwé yín tó jáde." Bí oníbàárà bá sọ fún ọlọ́jà pé òun ò ní yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn láyé, ṣé ọlọ́jà yẹn tún máa kánjú mọ́?

Ọdún yẹn parí. Òmíràn tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kò sí bébà. Kò sí bébà kẹ̀? Nígbà tí owó epo ń ya wọ ìlú, tí mọ́tò tuntun ń wọ́ kọjá l'Órè tọ̀sán-tòru? Bébà wà fún kàlẹ́ńdà àwọn agbaṣẹ́ṣe. Ọ̀kan wà lára ògiri ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ wa, ọkùnrin oníkùn gbẹǹdẹ̀kẹ̀ kan ló wà nínú rẹ̀. Mo wo ìsàlẹ̀ rẹ̀: Ọ̀wàrà ló tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbà mí o, mo jowú kàlẹ́ńdà!

Mo bá ilé ìtẹ̀wé kan l'Ékòó sọ̀rọ̀ ìwé náà. Wọ́n ní kí Olútóyìn gbà á padà, kó kó o wá. Mo sáré lọ bá a.

"Ìyá Péjú, ẹ kó o fún wọn, ẹ jọ̀ọ́."

"Tíṣà, ẹ̀jẹ́ ni mo jẹ́. Ṣé kí n wá purọ́ fún Ọlọ́run nítorí ìwé?"

"Àwọn Ọ̀wàrà ló ń purọ́ fún yín!"

"Ìyẹn dọwọ́ tiwọn." Ó ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

Nígbà tó dùbúlẹ̀ àìsàn, mo lọ kí i. Kò béèrè oògùn, kò béèrè omi. Ó ní, "Tíṣà, ṣé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́? Kí n ṣáà fọwọ́ kàn án." Mo ní wọn ò tíì tẹ̀ ẹ́. Ó kọjú sí ògiri.

Oyèdèjì wá síbi ìsìnkú. Péjú, ọmọ olóògbé, kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa dá ìwé ìyá mi padà." Ó ní kò ṣeé ṣe, pé àdéhùn tí ìyá rẹ̀ bá àwọn ṣe ṣì wà, pé tiwọn ni ìwé náà. Ẹ ò gbọ́ bí? Ẹni tí ò tẹ̀ ẹ́, tí ò sì jẹ́ kẹ́lòmíràn tẹ̀ ẹ́, òun náà ló tún ń pe ara rẹ̀ ní ẹni tó ni ín.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì, Olútóyìn ló jẹ́jẹ̀ẹ́, Péjú ò jẹ́ ẹ. Ẹ kó ìwé yẹn jáde. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ nísinsìnyí. Bẹ́ ò bá fẹ́, ẹ gbé e fún ọmọ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún wa ní gbangba ẹni tó jókòó lé e ní gbogbo ọdún wọ̀nyí àti ohun tó rí jẹ níbẹ̀. Mo fẹ́ bá ìwé náà pàdé lórí tábìlì àwọn tó ń tàwé ní gáréèjì Òrè, kí n fowó mi rà á, kí n kà á tán, kí n wá jowú rẹ̀ tẹ́rùn.